Ẹyẹ Funfun Tí Ó Ń Tẹ̀lé Ọkọ̀ Làmídì

Ìlobù,
Ìgbà ọyẹ́.

Àmọ̀kẹ́ ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá ọ gbé ní Èkó tí o wà. Èmi àti ìyá rẹ wà bí àgbà ti í wà: a ń jí, a ń jẹun, a sì ń ráhùn eékún. Ọyẹ́ ọdún yìí mú púpọ̀, ó ti la ètè gbogbo wa.

Iṣẹ́ tuntun tí o rí yìí dùn mọ́ wa. Láti ìgbà tí ilé-ìwé ti di ọ̀fẹ́ ni ọmọ ti pọ̀ ju ìwé lọ, ó sì wú wa lórí pé ọmọ Ìlobù wà lára àwọn tí wọ́n ní kí ó máa kọ ìwé kíkà fún wọn. Ìwọ tí o máa ń sá wọ abẹ́ aṣọ ìyá rẹ nígbà tí àkùkọ bá na ọrùn sí ọ, ìwọ ni o wá di òǹkọ̀wé ẹyẹ! Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìtàn tí o fi sínú lẹ́tà rẹ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní kí n kà á, kí n sì dáhùn ìbéèrè kan: kí ni ẹyẹ òkun dúró fún nínú ìtàn tiwa? O ní nínú àwọn ìwé Òyìnbó tí ẹ kà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹyẹ funfun yẹn lè jẹ́ ẹ̀mí atukọ̀ tí omi gbé lọ; ó lè jẹ́ òmìnira; ó sì lè jẹ́ ìbànújẹ́ obìnrin tí ń dúró de ọkọ̀ létí òkun. O ní ìwọ fi í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ Làmídì, tí ó bá òkun lọ, tí a kò rí òkú rẹ̀ sin. Nínú ìtàn rẹ, ó di ẹyẹ, ó fò padà wá bá ìyá rẹ̀ nílé.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó dùn, o mọ ọ̀rọ̀ í tò. Ṣùgbọ́n ibì kan gún mi lọ́kàn: ibi tí bàbá inú ìtàn náà ti kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀ pé, "Fi ọkọ̀ sílẹ̀, máa bọ̀ nílé," tí ìwé náà wá pẹ́ lọ́nà. O ní ní ìparí oṣù yìí ni ìtàn náà yóò lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Kí ó tó lọ, ohun kan wà tí ó yẹ kí o mọ̀. Bàbá yẹn kì í ṣe èmi, Àmọ̀kẹ́. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, irọ́ mi ni o tẹ̀, àwọn ọmọ yóò sì máa fi í kọ́ ìwé kíkà.

N kò kọ lẹ́tà gígùn sí ọ rí, n kò sì rò pé n óò tún kọ irú rẹ̀. Jókòó kà á. Mo fẹ́ gbà ọ́ níyànjú lórí iṣẹ́ rẹ, gbogbo ìmọ̀ràn náà ni mo sì fi ojú ara mi rí.

Èkíní. Má ṣàánú ẹni tí ń gbọ́ ọ débi tí o fi máa gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

O mọ̀ pé kéú ni mo kà ní kékeré. Ìgbà tí mo gbéyàwó tán ni mo tó lọ kọ́ ábídí lọ́dọ̀ àwọn tí ń kọ́ àgbà ní ìwé. Kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi ń pè mí ní Akọ̀wé. Ẹni tí lẹ́tà bá dé bá láti Kùmásì tàbí Jọ́ọ̀sì, èmi ni yóò gbé e wá bá. Ó ń dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́. Bí mo bá la ìwé báyìí, gbogbo ilé á dákẹ́ rọ́rọ́.

Obìnrin kan wà ní ilé kejì sí wa, Ìyá Ṣífáù. Ọkọ rẹ̀ ń ṣòwò ní Kùmásì. Lẹ́tà ọkọ náà dé, ó ní ara òun le, òun ń bọ̀ lẹ́yìn àwẹ̀, òun sì ti fẹ́ ìyàwó kan níbẹ̀, àwọn jọ ń bọ̀ pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Mo wo ojú obìnrin náà, mo fo ìyàwó, mo fo ọmọ, mo ka ìyókù. Ó súre fún mi. Ó lọ wá ìgbẹ́ màlúù, ó fi pa gbogbo ilẹ̀ ilé títí ó fi ń dán, ó sì ra aṣọ tuntun. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú lọ́rì tòun ti ìyàwó, obìnrin yìí kò wo ọkọ, kò wo ìyàwó. Èmi ló wò.

Ó ní, "Akọ̀wé, ṣé bí ìwé náà ṣe wí nìyẹn?"

Mo ní, "Àánú rẹ ló ṣe mí."

Ó ní, "Ẹ ò ṣàánú mi o. Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi pa ilẹ̀ dè wọ́n ni."

Ojú tì mí fún bí oṣù kan, lẹ́yìn náà mo gbàgbé. Ó yẹ kí n ti kọ́gbọ́n níbẹ̀, n kò kọ́. Bí mo bá ti kọ́ ọ, bóyá lẹ́tà tí mò ń kọ yìí ìbá kúrú.

Èkejì. Kí o tó sọ ohun tí ẹyẹ kan dúró fún, kọ́kọ́ bèèrè pé ẹyẹ wo ni.

Nígbà tí ìwọ wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni Làmídì wọ ọkọ̀ ojú irin ní Òṣogbo, tí ó lọ gba iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní Èkó. O rántí bí mo ti ń gbéra ga kiri nígbà náà. Mo lè máa ra iyọ̀, n óò ṣáà wá ibi tí mo ti máa sọ ọ́ pé ọmọ mi wà lórí òkun. Àwọn àna mi ní Ìfọ́n gan-an, tí wọn kò kà mí sí tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi dáadáa.

Lẹ́yìn ìrìn-àjò rẹ̀ kejì, ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀ sí Èkó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì kọ lẹ́tà sí mi. Ó ní ẹyẹ funfun kan wà lójú òkun tí ó máa ń tẹ̀lé ọkọ̀ wọn láti ìlú dé ìlú, bí wọ́n ti ń lọ ni òun náà ń fò. Ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹ náà máa ń bà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí òun ti ń ṣiṣẹ́, yóò sì máa wo òun. Ohun tí mo kà sókè fún ìyá rẹ nìyẹn, òun àti àwọn ará ilé tí wọ́n jókòó yí mi ká.

Àmọ̀kẹ́, èmi kò rí òkun rí. Omi tí ó tóbi jù tí mo mọ̀ ni Ẹ̀rinlẹ̀. Nígbà tí ọmọ mi kọ ọ́ pé "ẹyẹ funfun", lékeléke ni ojú mi rí. Ẹyẹ funfun mìíràn wo ni à bá tún ní? Lékeléke tí ń bá màlúù àwọn Fúlàní wọ ìlú ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ẹ̀yin ọmọdé máa ń na ìka sí pé kí ó fún yín ní èékánná funfun. Kò sí ẹni tí ó rí lékeléke tí ó sunkún rí. Mo bá ní, "Ẹ gbọ́! Lékeléke ń sin ọmọ mi káàkiri ayé!" Gbogbo wọn kí mi kú oríire.

Ṣùgbọ́n ìwé náà ní ẹ̀yìn. N kò ka ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Ohun tí Làmídì kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ nìyí, mo dà á kọ fún ọ bí ó ti wà:

"Bàbá mi, àwọn àgbà inú ọkọ̀ ní ẹ̀mí àwọn atukọ̀ tí omi gbé lọ ni ẹyẹ yìí, pé ẹni tí ó bá sì ń wò lójú, òun ló ń pè. Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Omi fẹ́ gbá mi lọ nínú ìrìn-àjò yìí, okùn ni mo dì mú. Mo lè fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Èkó níbí, wọn kò ní dá mi dúró. Bí ẹ bá ní kí n máa bọ̀, n óò wá bá yín dá oko."

Mo mú gègé, mo sì dá a lóhùn. Mo ní ẹyẹ funfun kì í ṣe ẹyẹ ibi. Mo ní lékeléke ni, ibi tí lékeléke bá bà sí, ọ̀rá ń bẹ níbẹ̀. Mo ní ọmọkùnrin kì í sá fún ẹyẹ. Mo ní kí ó dúró sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀.

Ìwé mi kò pẹ́ lọ́nà bí o ti kọ ọ́. Ó tètè dé. Làmídì fèsì kí ọkọ̀ tó ṣí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn: "Mo ti gbọ́, Bàbá. Mo ń lọ."

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó ṣòro jù fún mi láti kọ. Ó dùn láti fara pamọ́ sẹ́yìn àmì, bí ẹyẹ tí a ní ó dúró fún nǹkan mìíràn. Ṣọ́ra fún un nínú ìtàn rẹ, kí o sì ṣọ́ra fún un lẹ́nu ara rẹ.

Bí mo bá sọ pé nítorí lékeléke nìkan ni mo ṣe ní kí ó má bọ̀, mo tún fo ìlà nìyẹn. Ilẹ̀ oko wa tí ó wà lápá Ìfọ́n, o mọ̀ pé ẹnu kò kò lórí ààlà rẹ̀ títí di òní. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ọkùnrin ni ó wá dúró ní ẹnu ọ̀nà wa ní ọdún yẹn, tí ó ní èèbù iṣu mi kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ náà mọ́. Oko tí ọmọ mi ní òun yóò wá bá mi dá, n kò ní i. Ojú ń tì mí láti sọ fún ọmọ tí mo ti fi yangàn kiri pé n kò ní ilẹ̀ tí n óò fún un. Mo sì tún ń rò ó pé, kí ni àwọn ará Ìfọ́n yóò wí bí atukọ̀ mi bá padà wá gbé ọkọ́? Èyí ni ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi. Mo wá mú ẹyẹ, mo fi bò ó mọ́lẹ̀. Ó rọrùn láti sọ pé ẹyẹ ire ni. Ó ṣòro láti sọ pé, "Ọmọ mi, n kò ní ibi tí n óò fi ọ́ sí, ṣùgbọ́n máa bọ̀."

Ìwé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ dé ní ìgbà òjò. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, n kò sì gbọ́ ọ. Mo gbé e lọ bá tíṣà tuntun kan tí ó ń gbé nítòsí mọ́sálááṣí, ọmọ tí kò tíì ju ọ lọ. Ó kà á sínú, ojú rẹ̀ yí padà. Mo rí i pé ó ń wá ohun tí yóò fò. Ọlọ́run ló mọ bí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi pé kí ó fò ó. Kò fò ó. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," ó sì kà á fún mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìjì náà, igbì náà, bí wọ́n ti wá a títí tí wọn kò rí i. Lẹ́yìn náà ó dọ̀bálẹ̀, ó sin mí délé. Mo bínú sí i fún ọdún kan gbáko. Ní báyìí n kò mọ ẹni tí ó bu ọlá fún mi tó ọmọ náà. Ìwọ náà, jẹ́ irú tíṣà bẹ́ẹ̀.

Àwọn ààfáà wá ṣe fìdáù. Wọ́n bi mí pé níbo ni òkú wà, mo ní ó wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Àwọn àgbà máa ń ní ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi nù. Tèmi kú, ó sì tún nù. Láti ọjọ́ náà ni èmi àti ìyá rẹ kò ti pe ara wa ní Bàbá Làmídì àti Ìyá Làmídì mọ́. Orúkọ rẹ ni a gbà, ó sì ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí a ti ń fi orúkọ rẹ bo tirẹ̀.

N kò mọ èwo ni n óò ka èyí sí, ẹ̀kẹrin tàbí ẹ̀karùn-ún, mo ti ṣì í kà. Ìbéèrè rẹ ni mo fẹ́ dáhùn. Kò sí ẹyẹ òkun nínú ìtàn tiwa, a jìnnà sí òkun. Ṣùgbọ́n a ní ẹyẹ nínú àlọ́, o sì mọ iṣẹ́ rẹ̀: òun ni í tú àṣírí. Ẹni tí ó bá ṣe ohun burúkú nínú igbó tí kò sí ẹni tí ó rí i, ẹyẹ kan yóò bà sórí igi, yóò máa fi ohun tí ó ṣe kọrin títí gbogbo ìlú yóò fi gbọ́. Irọ́ lè rìn fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹyẹ inú ìtàn rẹ ti bà sórí igi ilé mi.

Bí ó ti ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní ìjẹta, lẹ́yìn ìrun àsárì, ìyá rẹ jókòó sí àgbàlá, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó ní kí n ka ìtàn Àmọ̀kẹ́ sí òun létí. Mo ń kà á lọ dáadáa títí mo fi dé ibi ìwé bàbá náà. Mo ká ìwé náà. Ìyá rẹ kò gbójú sókè.

Ó ní, "Bàbá Làmídì, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe kọ̀wé sí i?"

Mo jókòó bí ẹni tí wọ́n lù. Kò tíì pè mí bẹ́ẹ̀ láti ọdún náà.

Mo ní, "Rárá."

Ó ní, "Mo mọ̀."

Mo ní, "Ta ló sọ fún ọ?"

Ó ní, "Ta ni ì bá sọ fún mi? N kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ojú mi ò fọ́. Ojú méjèèjì ìwé yẹn ni tàdáwà wà lọ́jọ́ náà. Mo rí i láti ibi tí mo jókòó sí. Ojú kan ṣoṣo lẹ kà."

"Kí ló dé tí o kò bi mí?"

Ó bó ẹ̀gúsí méjì mẹ́ta. Ó ní, "Bí mo bá bi yín tí ẹ sì purọ́ fún mi, n ò ní lè bá yín gbélé mọ́. Mo sì ṣì fẹ́ bá yín gbélé. Ẹ lọ mú ìwé náà wá, kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi."

Mo mú un wá, mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi tí ó ti ní "n óò wá bá yín dá oko," ìyá rẹ fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ẹ̀gúsí dà sílẹ̀. Ó sunkún, èmi náà sunkún, àwa arúgbó méjì nínú àgbàlá. Kò bú mi. Ìbá wù mí kí ó bú mi. Nígbà tí ó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀gúsí náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ní, "Ẹ kọ ọ́ sí Àmọ̀kẹ́. Ẹ má fo nǹkan kan."

Nítorí náà ni mo ṣe kọ ọ́.

Àmọ̀kẹ́, o tún sọ nínú lẹ́tà rẹ pé ẹyẹ náà máa ń já ẹja gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin létí òkun ní Èkó, pé olè ni. Nínú gbogbo ohun tí o kọ nípa rẹ̀, èyí ni mo gbàgbọ́ jù. Mo ti rò ó títí. Lékeléke ń tẹ̀lé màlúù nítorí kòkòrò tí ẹsẹ̀ màlúù ń tú jáde. Ẹyẹ òkun ń tẹ̀lé ọkọ̀ nítorí oúnjẹ tí wọ́n ń dà sómi. Kì í ṣe oríire, kì í sì í ṣe òkú. Àwọn àgbà inú ọkọ̀ rí ikú nínú rẹ̀, èmi rí ọlá, ebi ló sì ń pa ẹyẹ náà. Ìtumọ̀ tí à ń fún ẹyẹ ni kò jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí ọmọ náà ń wí. Làmídì kò bi mí ní ìtumọ̀ ẹyẹ. Ó bi mí bóyá kí òun máa bọ̀ nílé.

Bí o bá fẹ́ bínú sí mi, bínú. Bí lẹ́tà rẹ bá pẹ́ kí ó tó dé, n óò mọ ìdí rẹ̀, n kò sì ní dá ọ lẹ́bi. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé kí o máa jẹun, pé búrẹ́dì kì í ṣe oúnjẹ.

Ní ti ìtàn náà, má jẹ́ kí ẹyẹ gbé ọmọ náà padà wálé. Ọmọ kan yóò wà nínú kíláàsì tí bàbá tirẹ̀ náà bá omi lọ, yóò kà á, yóò sì máa wo òkè títí ọrùn yóò fi dùn ún. Jẹ́ kí ẹyẹ wà lórí òkun rẹ̀, kí ó máa wá oúnjẹ rẹ̀. Kọ ọ́ pé ọmọ náà bèèrè ọ̀nà ilé lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Kọ ìdáhùn bàbá náà bí mo ti kọ ọ́ fún ọ yìí, má fi ọ̀rọ̀ kan kún un kí ó lè dùn gbọ́.

Ọlọ́run kí ó dá ẹ̀mí rẹ sí fún wa, ìwọ tí o kù.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ó dá a lóhùn.